Ọjọ́ Mẹ́ta Tí Mo Fi Du Màdáàmù Akua

Rùkáyátù, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Jọ̀ọ́, jẹun kí o tó ka ìwé yìí. Mo mọ̀ ọ́. Bí ìwé bá ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, oúnjẹ á di ohun tó lè dúró dìgbà mìíràn, ohun tí mo sì fẹ́ sọ gùn, kò rọrùn láti gbọ́. Abala mẹ́wàá ni mo yọ láàárín ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà. Tiwájú tẹ̀yìn ni màá kọ, ogún nìyẹn. Bí ó bá ṣẹ́kù, kí o dá èyí tó ṣẹ́kù padà fún mi.

Ǹ bá ti fi fóònù sọ ọ́, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ohùn mi jáde níbi tí àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ wà. N kò sì fẹ́ kí o dá mi dúró lágbedeméjì, nítorí bí o bá dá mi dúró, n kò ní í lè parí rẹ̀. Awakọ̀ tó ń ná Ìbàdàn ni màá fi rán sí ọ kí ẹ tó gbéra lọ sí Kùmásí.

Kú oríire iṣẹ́ tuntun. N kò kí ọ dáadáa nígbà tí o kọ́kọ́ sọ fún mi. O ní o fẹ́ fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, kí o lọ bá ẹgbẹ́ tó ń ṣa ìtàn jọ lẹ́nu àwọn tí wọ́n lé kúrò ní Gánà lọ́dún 1969 àti àwọn tí wọ́n lé kúrò ní Nàìjíríà lọ́dún 1983, kí àwọn ará ibí àti àwọn ará ọ̀hún lè gbọ́ ara wọn. Mo bi ọ́ pé ènìyàn mélòó ni ẹ ti bá parí ìjà, mélòó ló kù, ọdún wo ni iṣẹ́ náà máa tán. O ní, "Mummy, wọn kì í kà á bẹ́ẹ̀." Mo ní iṣẹ́ tí kò bá ti ṣeé kà kì í ṣe iṣẹ́. O fọ abọ́ tó wà nílẹ̀, o wọ yàrá lọ.

Ó ṣeé kà, ọmọ mi. Èmi ni n kò mọ ohun tó yẹ kí n kà. Ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ nìyẹn, kí o sì gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ti ṣe àṣìṣe rẹ̀ rí: kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka nǹkan, kọ́kọ́ mọ ohun tí ò ń kà.

O ti gbọ́ ọ̀rọ̀ Kùmásí lẹ́nu mi, ìwọ fúnra rẹ lo tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Síbẹ̀, jẹ́ kí n tún un tò, torí pé apá kan wà tí mo yọ kúrò, kò sì lè yé ọ àfi bí gbogbo rẹ̀ bá wà lójú kan.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí ìjọba Gánà ní kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Kùmásí ni wọ́n bí mi sí. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ení, èjì, ẹ̀ta ní Twi, èdè àwọn ará ibẹ̀. Títí di òní, bí mo bá ń wọn aṣọ, "baako, mmienu, mmiɛnsa" ló máa ń jáde lẹ́nu mi, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi á sì máa fi mí rẹ́rìn-ín. Abọ́ tánganran ni bàbá mi ń tà, ọ̀pọ̀ ará Ọ̀fà ló sì wà níbẹ̀ nígbà náà. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, onílé wa gba kọ́kọ́rọ́, ó ní ẹ̀rù ń ba òun. Lọ́rì tó máa gbé wa kò sì tíì dé. Obìnrin kan tó ń ta èédú ní òdìkejì ọ̀nà, tí gbogbo ọmọdé ń pè ní Nàná, ló ní kí a wọlé tòun. Mọ́kànlá ni wá. Yàrá méjì ló ní. Ó kó wa sí méjèèjì, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rin wá ń sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Nígbà tí lọ́rì dé, ó di gààrí àti ẹja gbígbẹ fún wa, ó sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà títí a kò fi rí i mọ́.

Nígbà tí a dé Ọ̀fà, Ìyá Kùmásí ni wọ́n ń pe ìyá mi, màmá àgbà tó pọ̀n ọ́. Kò sí ẹni tó máa jókòó tì í pẹ́ tí kò ní í gbọ́ ọ̀rọ̀ Nàná. Bó ṣe máa ń parí rẹ̀ ni pé òun ṣì ń wá ẹni tí òun máa san án fún.

Ibi tí o kọ ọ́ dé nìyẹn. Ibi tí mo dúró sí nìyẹn.

Mo ti pé ọmọ ọdún méjìlélógún lọ́dún 1983. Màdáàmù Akua, ará Kùmásí, ló ń kọ́ mi ní iṣẹ́ ìránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Ìyá mi ló mú mi lọ bá a, torí pé ó wù ú kó máa rí ẹni bá sọ Twi. Bí Màdáàmù bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Àìkú, á yà sílé wa, àwọn méjèèjì á wá máa fi èdè náà sọ̀rọ̀ àwọn ará àdúgbò lójú wọn, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, àwọn ará àdúgbò náà á sì máa bá wọn rẹ́rìn-ín. Obìnrin yẹn kọ́ mi níṣẹ́ bí ẹni ń kọ́ ọmọ tó bí. Kò fi nǹkan kan pa mọ́ fún mi.

Ìjọba tiwa náà wá ní kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé máa lọ. Ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ọjọ́ mẹ́rìnlá tí wọ́n fún wa, ọjọ́ mẹ́rìnlá tí a fún wọn. Ní ọjọ́ kẹwàá, lẹ́yìn ìrun àyìlà, Màdáàmù pè mí sẹ́yìn kọ́tìnì tí a fi ń wọn aṣọ wò.

Ó ní, "Sẹ̀kínà, bá mi bẹ ìyá rẹ. Onílé mi ti ní kí n jáde. Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ láti Kàdúná pẹ̀lú lọ́rì, ọjọ́ Jímọ̀ ni yóò gba ibí kọjá. Ọjọ́ mẹ́ta péré."

Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu, pé mo ń lọ báyìí.

Rùkà, n kò lọ. Ìrìn ogún ìṣẹ́jú ni ilé wa sí ṣọ́ọ̀bù. Àlọ àtàbọ̀, ogójì ìṣẹ́jú. Mo lọ jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà níwájú ibùdó rélùwéè, mo dojú kọ aago ńlá tó wà lára ògiri wọn, mo ka ogójì ìṣẹ́jú pé. Mo tilẹ̀ fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún un fún àkókò tí ìyá mi máa fi rò ó. Mo padà wọlé, mo ní, "Màmá ní kò sí àyè."

Ó wò mí. Ó ní, "Ìyá Kùmásí ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Mo ní, "Àwọn ni, mà."

Ó mi orí. Ó ní, "Ó dáa. Bá mi kí wọn."

Kò tó wákàtí méjì tó fi kó ẹrù sínú báàgì méjì, ó dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń lọ sí ọ̀nà Èkó. Kò lè gbé máṣíìnì rẹ̀ láàárín èrò. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n máa fi òróró sí máṣíìnì, kó má dípẹtà. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé pẹ̀lú lọ́rì tí àyè ṣì wà nínú rẹ̀. Mo ní ó ti lọ. Ọkùnrin náà jókòó sórí àga oníbàárà fún ìgbà díẹ̀, ó dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

O máa bi mí pé kí ló dé. N kò ní í fi ìgbà èwe bò ó. Mo ti ṣírò rẹ̀ ni. Oníbàárà méjìlélógójì ló wà nínú ìwé ìwọ̀n Màdáàmù. Mo mọ̀ pé bí ó bá lo ọjọ́ mẹ́ta lọ́dọ̀ ìyá mi, ìyá mi, tí ohun gbogbo tó ní ti ṣẹ́kù sí Kùmásí, máa rí i dájú pé máṣíìnì náà bá a wọ lọ́rì. Mo fẹ́ máṣíìnì, mo fẹ́ ṣọ́ọ̀bù, mo fẹ́ àwọn oníbàárà. Ìṣírò mi pé. Kò sí èyí tó ṣìnà nínú rẹ̀, ohun tó sì ń dùn mí jù nìyẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìyá mi bi mí pé, "Màdáàmù rẹ kò wá dágbére fún mi?" Mo ní wọ́n kánjú ni. Ó ní, "Mo rò pé ọ̀rẹ́ ni wá." Títí tó fi kú, kò dárúkọ rẹ̀ mọ́. Obìnrin méjì ló bínú sí ara wọn lórí ohun tí ẹnì kankan nínú wọn kò ṣe.

Máṣíìnì náà lo bá nílé. Mo máa ń sọ fún ọ pé wọ́n fi ta mí lọ́rẹ. Mo ti pààrọ̀ bẹ́líìtì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án. Aṣọ ilé-ìwé rẹ, ti àwọn àbúrò rẹ, oúnjẹ tí a jẹ, abẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ gbà kọjá.

Ní báyìí, jẹ́ kí n sọ ohun tó yí mi padà, kí o lè mọ̀ pé iṣẹ́ tí ò ń lọ ṣe kì í ṣe iṣẹ́ kékeré.

O rántí ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ Kùmásí wá bá àwọn ẹgbẹ́ Ọ̀fà ṣe ìpàdé ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, tí o wà ní Ìbàdàn fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Mo bá wọn dáná nítorí tìrẹ, kì í ṣe nítorí pé ó wù mí. Ènìyàn méjìdínlógún ló wá. Alhaji tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ wa ti to àga sórí pẹpẹ fún wọn, ó tẹ́ aṣọ funfun sí i, omi tútù wà níwájú àga kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń bu ọlá fún àlejò níbí. Nígbà tí wọ́n wọlé, àwọn àgbà inú wọn dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọn kò fẹ́ gòkè. Kọ́fí, ọ̀dọ́kùnrin tó ṣáájú wọn, wá bá Alhaji, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ ní èdè òyìnbó, ọ̀gá ilé-ìwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sì túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Ó ní kí a jọ̀ọ́, kí a jẹ́ kí wọ́n jókòó sáàárín wa, pé ìgbà tí wọ́n ya àwọn kan nínú wọn sọ́tọ̀ kẹ́yìn ní orílẹ̀-èdè yìí, ńṣe ni wọ́n kó wọn lọ.

Alhaji ká ọwọ́ agbádá rẹ̀ sí èjìká, ó gòkè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àga sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀. A sáré lọ bá a gbé e.

Ìmọ̀ràn kejì nìyẹn, o sì máa nílò rẹ̀ ní Kùmásí: bí o bá fẹ́ ṣe ẹnì kan dáadáa, bi í ná bí ó ṣe fẹ́ ẹ. Àwa náà kò bi wọ́n tí a fi se kẹ́ńkè, oúnjẹ àgbàdo Gánà, fún wọn, ìyá mẹ́ta tó ti gbé Gánà rí ló lọ àgbàdo rẹ̀. Àwọn àlejò jẹ díẹ̀ nítorí ọ̀wọ̀, obìnrin kan wá sọ fún mi lábẹ́lẹ̀, ní Twi, pé òun ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀dùnkún Ọ̀fà láti ìgbà tí òun ti wà lọ́mọdé, ṣé kò sí nílé ni. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìkòkò méjì la sè lọ́jọ́ kejì, kò kù.

Wọn kò sùn sí hótẹ́ẹ̀lì. Ilé wa ni wọ́n pín sí, èmi gba méjì. Èmi tí mo máa ń fọ ọ̀rá gbẹ kí n lè tún un lò, o mọ̀ pé irú ètò bẹ́ẹ̀ máa dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n Kọ́fí ní kì í ṣe nítorí àtiṣọ́ owó ná nìkan. Ó ní wọ́n fẹ́ kí àwọn tí wọ́n lé jáde nílé rí i pé ilẹ̀kùn kan ṣí fún wọn. Ó dùn mọ́ mi, ó sì gún mi.

Wàyí o, bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìwé tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnì kọ̀ọ̀kan sí ní nọ́ńbà, wọn kì í ka orúkọ jáde. Ará Ọ̀fà ló máa ka ìwé àwọn ará Kùmásí sókè, ará Kùmásí ló máa ka tiwa. Ẹni tó bá kà á kò gbọdọ̀ ṣàlàyé, ẹni tó bá gbọ́ ọ kò gbọdọ̀ jiyàn títí yóò fi tán. Kí ẹnu rẹ fúnra rẹ máa sọ ìrora ẹlòmíràn ní "mo", n kò rí irú rẹ̀ rí. Mo rí Alhaji, ọkùnrin tó le bí òkúta, tó ń kà pé "mo bí ọmọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà," ó sì tún ìlà náà kà kó tó lọ sí èyí tó kàn.

Àwàdà náà wà níbẹ̀. Bàbá kan láti ẹ̀yìn kígbe pé, "Ẹ ń bá Kùmásí tó jìnnà ṣe àlàáfíà, Ẹ̀rìn-Ilé tí à ń bá jà lórí ààlà, tí ọ̀kadà ń gbé wa dé kí a tó mu omi tán ńkọ́?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Alhaji ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi ti ọ̀nà jíjìn kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é." Mo fẹ́ràn ìdáhùn yẹn. Má gbàgbé rẹ̀ bí wọ́n bá fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé o fi ilé sílẹ̀ lọ tún ìta ṣe.

Ìwé kẹfà ni Alhaji wá mú. Ẹni tó sọ ọ́ ní òun ń ránṣọ ní Ọ̀fà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Kí n tó gbọ́ ìlà kẹta, mo ti mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ó ní òun rán ọmọ iṣẹ́ òun lọ bẹ ìyá rẹ̀, obìnrin tí àwọn ará Kùmásí ti gbà sílé rí nígbà ìpọ́njú tirẹ̀, pé obìnrin náà ní kò sí àyè. Ó ní òun lo ọjọ́ mẹ́sàn-án nínú oòrùn ní bọ́dà nítorí ẹnubodè wà ní títì, pé ọdún méjì ni òun kò fi rí ẹ̀gbọ́n òun. Ó wá fi kún un pé òun kò bínú sí ìyá náà mọ́. Ó ní bóyá ohun tí wọ́n ṣe fún un ní Kùmásí dùn ún ju bó ṣe máa ń sọ ọ́ lọ.

Gbogbo gbọ̀ngàn pòṣé. Alhaja tó jókòó tì mí ní, "Irú ènìyàn wo nìyẹn, ẹni tí wọ́n ti ṣàánú rẹ̀ rí?"

Mo pòṣé. Mo ní, "Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n."

Ìyá mi ni, Rùkà. Ìyá mi tó wà nínú sàréè ni mo pòṣé sí, níwájú igba ènìyàn, kí ẹnikẹ́ni má baà wo ojú mi.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọwọ́ tí ọ̀rọ̀ yẹn gbà kọjá kó tó dé etí mi. Màdáàmù sọ ọ́ ní Kùmásí. Ọmọbìnrin kan kọ ọ́ ní Twi. Ẹlòmíràn fi sí èdè òyìnbó. Àwọn ẹgbẹ́ tó wà ní Lomé àti ní Kutọnu bá àwọn tó bu omi fún wọn ní bọ́dà sọ̀rọ̀, kí wọ́n lè rí i pé ibi tó sọ jẹ́ òótọ́. Olùkọ́ kan ní Ìbàdàn sọ ọ́ di Yorùbá. Alhaji kà á. Ọwọ́ mẹ́fà, orílẹ̀-èdè mẹ́rin, ẹ̀dà mẹ́rin, ọ̀kan ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, kó lè jẹ́ pé bí ọ̀kan bá jóná, mẹ́ta á kù. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó mọ̀ mí. Kò sí èyí tí wọ́n máa gba oyè lé lórí. Ọjọ́ mẹ́rìnlá péré ni ìjọba méjèèjì ní láti fi tú wa ká. Àwọn wọ̀nyí ti ń lo ọdún lórí ọdún láti fi ṣa wá jọ, ẹnì kan lẹ́yìn ẹnì kan, ọ̀rọ̀ náà sì rìn títí ó fi bá mi lórí àga mi ní Ọ̀fà. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ ohun tí wọ́n ń kà. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé n kò bí ọmọ tó ń fi àkókò ṣòfò.

Síbẹ̀, nígbà tí o dé ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà láti gba ọ̀rọ̀ ẹnu mi sílẹ̀, mo sọ ti 1969, mo sì dákẹ́. O sunkún níbi tí mo ti sọ̀rọ̀ Nàná. Báwo ni ǹ bá ṣe tún sọ ìyókù fún ọ lẹ́yìn ẹkún yẹn? Ní báyìí o pè mí pé ìwé tèmi ni wọ́n yàn, pé òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ kà ní ìpàdé Kùmásí, pé ìwọ lo máa gbé e fún ẹni tó máa kà á. Inú rẹ dùn. Mo gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ.

Má fún wọn bó ṣe wà. Ohun tí mo torí rẹ̀ kọ ìwé yìí nìyẹn. Màdáàmù lè wà níbi ìpàdé yẹn. Bí ó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ ọdún mẹ́jọ tí Nàná gbà sílé, tó mọ̀ pé ọmọ Ìyá Kùmásí ni, tí kò sì gbọ́ ìyókù, irọ́ mi á di ẹlẹ́ẹ̀kejì, ọwọ́ rẹ lá sì ti jáde. Yọ ojú ewé tí mo ti sọ ti igi dóńgóyárò, kọ ọ́ dáadáa, fi ṣáájú. Kí wọ́n ka ohun tí mo ṣe kí wọ́n tó ka ohun tí wọ́n ṣe fún mi. Bí àwọn ọ̀gá rẹ bá ní ó máa ba ìpàdé jẹ́, sọ fún wọn pé ìyá rẹ ní kí wọ́n yọ tòun kúrò pátápátá.

Má ṣe wá ilé rẹ̀ kiri. Mo mọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ rẹ yá. Òfin yín dára lórí èyí: àwọn ará Kùmásí nìkan ló mọ ẹni tó ni ìwé kẹfà, àwọn ló máa bi í bóyá ó fẹ́ kí wọ́n rí òun. Bó bá ní òun kò fẹ́, ó tán. Bó bá gbà, má bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹnu mi ni mo fi parọ́, ẹnu mi ni màá fi bẹ̀bẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí o sọ fún un ni pé Ìyá Kùmásí kò gbọ́ nǹkan kan, pé wọn kò bi í rí, pé bí wọ́n bá bi í ni, orí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ ì bá sùn. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Ó kàn jẹ́ òótọ́, ó sì ti pẹ́ jù.

Ọ̀rọ̀ kéékèèké tó kù. Kọ́ Twi, kí o sì máa ka owó ní Twi, torí pé inú òǹkà ni èdè ti ń wọni lára. Jẹ́ kí àwọn àgbà dákẹ́ bí wọ́n bá fẹ́ dákẹ́. Èmi náà dákẹ́ lójú rẹ, o sì rò pé mo ti parí. Ká ní o jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí i ni, bóyá ǹ bá sọ ọ́. N kò dá ọ lẹ́bi, mo kàn ń sọ fún ọ pé ìṣẹ́jú márùn-ún kò pọ̀. Bí wọ́n bá gbé ìpín ẹran tó tóbi jù fún ọ nínú ilé tí o bá wọ̀ sí, jẹ ẹ́, má ṣe bí ọmọ mi.

Bí o bá bínú sí mi, bínú. Máṣíìnì náà wà níbí, mo fi òróró sí i ní àárọ̀ yìí. N kò lò ó mọ́ láti ọjọ́ ìpàdé. Mo ti bi awakọ̀ tó ń lọ Kutọnu bóyá bọ́ọ̀sì ń gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀ dé Kùmásí, ó ní ó ń gbà á bí ènìyàn bá lè bá a jókòó tì í. Mo lè jókòó tì í.

Nítorí náà, bí ó bá gbà láti gbọ́ ohùn mi, bá mi béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, bí àwọn ẹgbẹ́ yín ṣe máa ń béèrè ilé fún àlejò. Sọ fún un pé Sẹ̀kínà ń bọ̀ láti Ọ̀fà, pé òun kò mọ ẹlòmíràn ní Kùmásí mọ́, ṣé àyè wà nílé rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Bí ó bá ní kò sí àyè, gbà á, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bá mi kí i. Ṣùgbọ́n kí o rí i dájú pé o débẹ̀, kí o sì gbọ́ ọ lẹ́nu òun fúnra rẹ̀.

Ojú ewé mẹ́rin ló kù. Kọ èsì sórí rẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sẹ̀kínà